Àpótí Tó Ń Kùn Hùù: Ìtàn Ámpílífáyà láti Wáàfù Àpápá dé Ajégúnlẹ̀

Ọ̀rọ̀ àpótí kan ni mo gbé wá lóṣù yìí. Kì í ṣe àpótí aṣọ, kì í sì í ṣe àpótí owó (ì bá mà wù mí o!). Ámpílífáyà gìtá ni, èyí tí àwọn òṣèré máa ń pè ní "ámpù" lásán. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló ni ín. Nígbà ayé wọn, wọ́n ń ta gìtá nínú ẹgbẹ́ jùjú kékeré kan tí kò lórúkọ púpọ̀, àwọn tó ń ṣeré níbi ìsọmọlórúkọ àti òkú àgbà káàkiri Àpápá, Àmùkòkò àti Ajégúnlẹ̀. Nígbà tí wọ́n kú, àwọn ẹbí pín aṣọ wọn, wọ́n pín bẹ́ẹ̀dì wọn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fẹ́ àpótí náà. Ó wúwo bí ọlọ. Bó ṣe di èrò abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan, ọmọ mi ọkùnrin tó ń kọ́ gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì bi mí pé, "Dádì, ṣé ẹ̀rọ bàbá àgbà yìí ṣì ń ṣiṣẹ́?" Mo ní ká tàn án wò. Iná pupa kékeré kan tàn níwájú rẹ̀, inú wa sì dùn. Àṣé ayọ̀ ìṣẹ́jú kan ni! Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn hùùù, bí agbọ́n tí wọ́n sé mọ́ inú agbè. Láìpẹ́, òórùn nǹkan tó ń jó gba gbogbo yàrá. Mo sáré fa wáyà rẹ̀ yọ lára ògiri.

Mo kọ́kọ́ gbé e lọ sí ìsọ̀ ńlá kan ní Àpápá, níbi tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń fẹ́ yẹ́ẹ́. Ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ tú ẹ̀yìn rẹ̀, ó rí àwọn ìgò kéékèèké tó tò sínú rẹ̀, ló bá bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ìgò ló wà nínú eléyìí o! Ẹ jù ú sórí ààtàn jàre, kí n ta tuntun fún yín." Kò bú mi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Ìyá kan tó ń ta omi tútù lẹ́nu ọ̀nà ló rí mi bí mo ti ń gbé ẹrù mi jáde. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, sọdá sí Ajégúnlẹ̀. Bàbá kan wà níbẹ̀ tó ń tún rédíò àtijọ́ ṣe. Bí òun náà bá ní kò ṣeé ṣe, a jẹ́ pé kò ṣeé ṣe nìyẹn."

Kí n tó sọ ohun tí ojú mi rí ní Ajégúnlẹ̀ fún yín, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi ara wa: irú àpótí wo nìyí? Báwo ló ṣe wọ ìlú wa? Nítorí pé bí ẹ bá mọ ibi tó ti wá, ẹ ó mọ ìdí tí n kò fi lè jù ú sórí ààtàn.

OHÙN KÉKERÉ DI OHÙN ŃLÁ

Gìtá onígi kì í pariwo. Bí ẹnì kan bá ń ta á nínú yàrá, ẹ ó gbọ́ ọ dáadáa. Ṣùgbọ́n bí onílù kan ṣoṣo bá ti fọwọ́ kan awọ, ó ti bo gìtá mọ́lẹ̀ nìyẹn. Ohun tí àwọn òyìnbó ṣe ni pé wọ́n fi irin tútù, ìyẹn mágínẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n wé wáyà tín-ín-rín mọ́ lára, sí abẹ́ okùn gìtá. Bí okùn onírin náà bá ti ń gbọ̀n, iná mànàmáná kékeré báyìí á máa sáré nínú wáyà náà. Iná ọ̀hún kéré tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè mi sípíkà kankan. Iṣẹ́ ámpílífáyà ni láti sọ iná kékeré yẹn di ńlá.

Àwọn ìgò tí ọmọkùnrin ọ̀hún fi rẹ́rìn-ín ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Fáàfù là ń pè wọ́n. Ní 1904, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ John Ambrose Fleming ṣe irú rẹ̀ àkọ́kọ́. Ní 1906, ará Amẹ́ríkà kan, Lee de Forest, fi irin kẹta há àárín méjì tó wà níbẹ̀, ibẹ̀ sì ni agbára rẹ̀ ti wá. Ẹ wo ọmọdé tó di ìjánu ẹṣin mú. Ọmọdé kò lágbára tó ẹṣin, ṣùgbọ́n ibi tó bá fa ìjánu sí ni ẹṣin ń lọ. Bẹ́ẹ̀ ni iná kékeré láti ara gìtá ṣe ń di ìjánu mú, tí iná ńlá láti ara ògiri sì ń tẹ̀ lé e. Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, wọ́n ti ń ta gìtá oníná ní Amẹ́ríkà.

Ní Èkó ńkọ́? Ní 1935 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í fa wáyà wọ ilé àwọn ènìyàn, tí wọ́n ń gbé àpótí kékeré kọ́ ara ògiri kí wọ́n lè máa gbọ́ ìròyìn láti Lọ́ńdọ̀nù. Rẹdifúṣọ̀n ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n àwọn bàbá wa sọ ọ́ lórúkọ tó bá a mu jù: asọ̀rọ̀mágbèsì. Ó ń sọ̀rọ̀, kì í gbọ́ ìdáhùn! Bí àpótí wọ̀nyí ti ń pọ̀ sí i, tí rédíò gidi sì ń tẹ̀ lé wọn, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ tuntun kan ń dìde nígboro, iṣẹ́ àwọn tó ń tún rédíò ṣe. Àwọn ni bàbá ńlá gbogbo ẹni tó ń tún ámpílífáyà ṣe lónìí.

BÍ JÙJÚ ṢE DI ERÉ OJÚ TÍTÌ

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sí ọ̀rọ̀ jùjú. Nígbà tí Túndé King àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jùjú jáde ní Èkó láàárín àwọn ọdún 1930, eré yàrá ni. Ní 1936 ni wọ́n gba orin rẹ̀ sínú àwo. Ènìyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni ẹgbẹ́ rẹ̀: báńjò, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, àti ìlù pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní jùjú. Ẹni bá fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ inú orin gbọ́dọ̀ sún mọ́ wọn. Kò ṣeé gbé jó lójú títì, kò sì ṣeé fi ìlù ńlá sí, nítorí ìlù á pa okùn.

Ẹni tó tú okùn yìí ni Àyìndé Bákárè. Láti 1937 ni ó ti ń ṣe àwo orin fún ilé-iṣẹ́ HMV. Ohun èlò kékeré kan tó jọ báńjò ló kọ́kọ́ ń lò. Ní 1949, ó fẹ́ lo ẹ̀rọ agbóhùn tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara ohun èlò orin, ṣùgbọ́n kò ríbi lẹ̀ ẹ́ mọ́ lára báńjò rẹ̀. Ó gbé báńjò jù sílẹ̀, ó gbé gìtá onígi, ó sì lẹ ẹ̀rọ mọ́ ọn. Láti ọjọ́ náà ni jùjú ti yí padà.

Ẹ fọkàn bá mi lọ. Ní 1948, Àkànbí Ẹge ti mú gángan wọ inú jùjú. Gángan ń ki ènìyàn, gángan ń pa òwe, ṣùgbọ́n òun náà kì í fún ẹlòmíràn láyè. Bí kò bá sí ámpílífáyà, gìtá ì bá ti sá fún gángan. Ṣùgbọ́n nígbà tí gìtá rí ohùn ńlá, àwọn méjèèjì jókòó sórí ẹní kan náà. Àwọn mìíràn rò pé òyìnbó ló fi ẹ̀rọ rẹ̀ ba orin wa jẹ́. Rárá o! Ẹ̀rọ òyìnbó yìí ló jẹ́ kí ìlù Yorùbá ráyè wọ inú jùjú tìlù-tìlù. Bí ohùn gìtá bá ti ń ga sí i, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fi onílù kún onílù.

Ẹ wo ìgbà I. K. Dáíró, ẹni tí ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá lọ́lá ní 1963. Ẹ wo Ebenezer Obey, ẹ wo Sunny Adé. Nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1970, tí owó epo ń ṣàn, ẹgbẹ́ jùjú kan lè tó bí ogún ènìyàn, gìtá mẹ́ta sí márùn-ún, pẹ̀lú sípíkà tó ga ju ènìyàn lọ. Ẹni tó ń ná owó, ó fẹ́ kí àdúgbò kẹta gbọ́ orúkọ òun àti ti bàbá òun. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ mọ ẹgbẹ́ tó lówó, ẹ ò ní wo aṣọ wọn. Àpótí ẹ̀yìn wọn lẹ máa kà. Nígbà tí Sunny Adé gbé àwo "Juju Music" jáde lọ́dọ̀ Island Records ní 1982, tí gbogbo ayé ń jó sí i, iṣẹ́ tí Bákárè bẹ̀rẹ̀ ní 1949 ló ń so èso.

OHUN GBOGBO ŃI ÀPÁPÁ Ń GBÀ WỌLÉ

Báwo wá ni àwọn àpótí wọ̀nyí ṣe ń dé? Ojú omi ni. Ní 1926 ni wọ́n ṣí èbúté Àpápá tuntun, tí ọkọ̀ ńlá fi lè gúnlẹ̀ síbẹ̀, tí reluwé sì ń gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀. Láti 1951, ọkọ̀ Aureol ti ilé-iṣẹ́ Elder Dempster bẹ̀rẹ̀ sí í ná Liverpool sí Èkó. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tó ń bọ̀ láti ìlú òyìnbó ń bá a wá. Ẹni tó bá di àpótí ìwé rẹ̀ tán, tó ṣẹ́ owó kù, ó lè ra rédíógírámù tàbí gìtá oníná. Ẹ̀yin ará Àpápá, ṣé ẹ rí i pé ọ̀nà Liverpool wà láàárín yín títí dòní? Kì í ṣe lásán.

Ámpílífáyà tó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá kì í ní wàhálà púpọ̀ pẹ̀lú iná wa, nítorí pé iná wọn àti tiwa súnmọ́ra, bíi 230 tàbí 240 fóòtì. Ṣùgbọ́n ti Amẹ́ríkà, 117 fóòtì ni wọ́n ṣe é fún. Ẹni tí kò mọ̀, tó kì í bọ ògiri Èkó tààrà, èéfín nìkan ni yóò fi jó! Irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ló sọ ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tún rédíò ṣe di olówó.

Ní ọ̀nà Wharf ní Àpápá kan náà ni ilé ìgbohùnsílẹ̀ EMI wà. Fẹlá Aníkúlápó-Kútì gba orin sílẹ̀ níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, òun àti ọ̀pọ̀ òṣèré mìíràn. Ní August 1973, àlejò kan dé: Paul McCartney, ọ̀kan nínú àwọn Beatles mẹ́rin. Òun àti ìyàwó rẹ̀ Linda, pẹ̀lú Denny Laine, wá gba àwo orin kan sílẹ̀. Àwọn méjì nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọ̀ láti bá a wá nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú kù díẹ̀ kó gbéra, nítorí náà òun fúnra rẹ̀ ló lu ìlù, tó tún ta gìtá.

Ó bá nǹkan tí kò rò. Ilé náà kò ní gbogbo ohun tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ̀yìn ògiri níbẹ̀ ni wọ́n sì ti ń tẹ àwo. Àwọn olè fi ọ̀bẹ dá òun àti ìyàwó rẹ̀ lọ́nà lálẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n kó téèpù tí ó gba orin tuntun rẹ̀ sí lọ. Fẹlá náà fẹ̀sùn kàn án pé ó wá jí orin ilẹ̀ adúláwọ̀. McCartney ní kó wá gbọ́ ohun tí òun ń ṣe fúnra rẹ̀, kó lè rí i pé kò sí ohun tó jọ ọ́ níbẹ̀. Nígbà tó máa di December 1973, àwo náà, "Band on the Run", jáde, ó sì tà káàkiri ayé.

Ìtàn yìí, wọ́n ti kọ ọ́ ní ìlú òyìnbó lọ́pọ̀ ìgbà. Ohun tí wọn kì í kọ ni èyí: nígbà tí ẹ̀rọ bá bàjẹ́ ní Èkó, tí òṣèré Èkó kò sì lè fi ọkọ̀ òfuurufú ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù, ta ni ó ń tún un ṣe? Ìdáhùn rẹ̀ wà ní ìkọjá títì Málù.

ILÉ AJÉ

Ajégúnlẹ̀ kò jìnnà sí Àpápá. Ẹ lè fẹsẹ̀ rìn ín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti kọjá Boundary, ẹ mọ̀ pé ayé ti yí padà. Lápá kan, ilé ńlá, igi, géètì. Lápá kejì, yàrá kọjú-sí-yàrá, ariwo, èrò, oúnjẹ oríṣiríṣi. Àwọn tó ń ru ẹrù ní wáàfù, àwọn òṣìṣẹ́ reluwé àti ti ilé-iṣẹ́ ló kún ibẹ̀: Yorùbá, Ìlàjẹ, Íjọ̀, Ùróbò, Ìgbò, Haúsá, gbogbo wọn. Àwọn tó sọ ibẹ̀ ní Ajégúnlẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń wí. Bí ọkọ̀ ti ń gúnlẹ̀ ni ajé náà ń gúnlẹ̀. Ẹ má wo ti pé òtòṣì pọ̀ níbẹ̀.

Ohun tí ọkọ̀ bá já sí Àpápá, Ajégúnlẹ̀ ló mọ bí a ṣe ń lò ó gbó. Ẹlòmíràn ń wé wáyà mọ́tò, ẹlòmíràn ń pààrọ̀ bébà sípíkà tó ya, ẹlòmíràn ń jó òjé. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ á lo ọdún mẹ́ta, mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ́dọ̀ ọ̀gá, á gba fírídọ́ọ̀mù pẹ̀lú àkàrà àti ọtí dídùn, á lọ ṣí tirẹ̀. Kò sí ilé-ìwé tó kọ́ wọn, kò sì sí ìwé tó kọ orúkọ wọn. Nígbà tí Daddy Showkey àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé orin Ajégúnlẹ̀ àti ijó gàlálà jáde láàárín àwọn ọdún 1990, gbogbo ènìyàn ló ń wo ijó. Ta ló wo ẹni tó tún sípíkà ṣe?

Iṣẹ́ yìí sì ní ìgbà tirẹ̀. Ní 1972, NEPA dé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà rántí igbe "Up NEPA!" àwọn ọmọdé nígbà tí iná bá dé. Iná á lọ, á dé lójijì pẹ̀lú agbára, ẹ̀rọ á jó. Ní 1975, sìmẹ́ńtì tí ìjọba pè wá pọ̀ ju ohun tí èbúté lè gbà lọ. Ọkọ̀ tó lé ní 400 ló dúró lójú òkun, tí ẹrù gbogbo sì há. Ní 1977 ni wọ́n ṣí èbúté Tin Can láti fi dín in kù. Ní 1982, owó epo já wálẹ̀, ìjọba Shágàrí sì dínà ọ̀pọ̀ ọjà òkèèrè. Lẹ́yìn náà ni SAP dé ní 1986. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ní 1985, náírà kan ṣì ju dọ́là kan lọ. Ní 1989, dọ́là kan ti lé ní náírà méje. Ẹgbẹ́ òṣèré tó ń ra ámpílífáyà tuntun lọ́dọọdún tẹ́lẹ̀, ní báyìí, ọ̀dọ̀ alátùn-únṣe ló kù tó ń sáré lọ. Bí kò bá sí àwọn ọ̀gá Ajégúnlẹ̀ àti irú wọn ní Mushin àti Ìbàdàn, ọ̀pọ̀ òde ni ì bá dákẹ́ lọ́dún wọ̀nyẹn.

Ṣùgbọ́n ìyà mìíràn tún ń bọ̀. Láti December 1947 ni àwọn òyìnbó Amẹ́ríkà ti ṣe tiransísítọ̀, ohun kékeré bí èékánná tó ń ṣe iṣẹ́ ìgò láìgbóná. Díẹ̀díẹ̀ ni ó gba ọjà. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ìgò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà ti ilẹ̀kùn. Lónìí, Rọ́ṣíà, Slovakia àti Ṣáínà ni wọ́n ti ń ṣe èyí tó pọ̀ jù. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé àwọn onígìtá káàkiri ayé ṣì ń wá ìgò kiri. Wọ́n ní bí a bá fipá mú un, ohùn rẹ̀ kì í ya etí. Ṣe ló máa ń gbóná bí ohùn ènìyàn. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

LỌ́WỌ́ BÀBÁ

Ìsọ̀ bàbá náà kò tóbi ju yàrá kan lọ, lábẹ́ páànù, nínú òpópónà tí mọ́tò kò lè wọ̀. Rédíò òkú kún inú rẹ̀ dé àjà. Wọ́n lé ní àádọ́rin ọdún dáadáa, awò ojú méjì ni wọ́n sì gbé kọ́ra.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá."

"Oò, káàbọ̀, ọmọ mi. Kí lo gbé kọ́rùn bẹ́ẹ̀ yẹn?" Bí wọ́n ti rí i, wọ́n bọ́ awò kan. "Háà! Irú eléyìí ṣì wà láyé? Má fọwọ́ kan inú rẹ̀ o."

Mo ní mo ti fa wáyà rẹ̀ yọ láti ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Bí o bá fà á yọ lára ògiri, iná ṣì lè sùn sínú rẹ̀. Ó lè ju 300 fóòtì lọ. Ó ti gbé àgbà lulẹ̀ rí." Wọ́n fi mítà wọn yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n fi irin alọ́wọ́ igi kan tí wọ́n so mọ́ wáyà fa iná tó kù nínú rẹ̀ jáde. Ìgbà náà ni wọ́n tó fọwọ́ kàn án.

Iṣẹ́ náà lọ ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Aáyán ti kọ́ ilé síbẹ̀. Afẹ́fẹ́ iyọ̀ láti ojú ọ̀sà ti mú kí òjé dípẹtà níbi mélòó kan. Àwọn kapásítọ̀, ìyẹn àwọn agolo kéékèèké tó ń mú kí iná dúró jẹ́ẹ́, ti gbẹ. Àwọn ló fa kíkùn hùù yẹn. Nítorí pé wọ́n ti gbẹ, wọ́n ń fa iná kọjá bó ti yẹ, èyí sì ti mú tiransifọ́má gbóná títí wáyà inú rẹ̀ fi jó. Òórùn tí a gbọ́ nìyẹn. Nínú ìgò ńlá mẹ́rin tó wà níbẹ̀, méjì ti kú.

Bàbá jókòó, wọ́n wò mí. "Ọ̀nà méjì ló wà. Mo lè kó gbogbo inú rẹ̀ dànù, kí n fi tiransísítọ̀ sí i. Ọjọ́ méjì péré, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Yóò pariwo dáadáa. Tàbí kí n ṣe é bó ṣe wà. Ìyẹn lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, owó rẹ̀ á sì dùn ọ́."

Mi ò ní parọ́ fún yín, mo ro ọ̀rọ̀ owó. Àkókò owó ilé-ìwé ni. Mo bi wọ́n pé, "Bàbá, bó bá jẹ́ tiyín ńkọ́?" Wọn ò dáhùn. Wọ́n tú irin tó bo tiransifọ́má, wọ́n rọra ká bébà tí wọ́n fi dì í. Nígbà náà ni wọ́n dákẹ́. Wọ́n gbé bébà náà sún mọ́ ojú. Wọ́n ní kí n wá wò ó.

Pẹ́ńsùlù ni. Nọ́ńbà mẹ́ta, ọ̀kan lábẹ́ èkejì, pẹ̀lú ìlà kékeré lábẹ́ wọn. Kò sí orúkọ, kò sí àdírẹ́sì.

"Wọ́n ti wé e rí," bàbá wí. "Ẹnì kan ti jókòó bí mo ti jókòó yìí. Nígbà tó wé wáyà rẹ̀ tán, ó kọ iye ìgbà tó yí i sílẹ̀, fún ẹni tí yóò tú u lẹ́yìn rẹ̀. Bí kò bá kọ ọ́, n bá tú wáyà yìí lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n máa kà á. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún. Bí mo bá ṣi ọgbọ̀n péré kà, iná rẹ̀ kò ní í rí bákan náà mọ́."

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kò sọ ẹni tó tún un ṣe fún wa rí. Bóyá ní Ajégúnlẹ̀ yìí ni, bóyá ibòmíràn ni. Ṣùgbọ́n ẹni náà rò ó pé àpótí yìí yóò tún bàjẹ́ lọ́jọ́ kan, pé ẹnì kan yóò sì tún fẹ́ kó sọ̀rọ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ ṣe é bó ṣe wà."

Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni. Wọ́n wé tiransifọ́má náà lọ́wọ́, wọ́n ń kà á sínú bí ẹni tó ń gbàdúrà. Bí ẹ bá kí wọn lákòókò náà, wọn ò ní dá yín lóhùn. Kapásítọ̀ tuntun wá láti Alábà. Ìgò méjì tó kù, inú rédíógírámù òkú kan nínú ìsọ̀ wọn ni wọ́n ti yọ ọ́, nítorí pé irú ìgò kan náà ni àwọn rédíógírámù ń lò. Wọ́n fi mítà dán ọ̀pọ̀ wò kí wọ́n tó rí méjì tó bára mu.

Mo bi wọ́n nípa àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ wọn. Wọ́n ní wọ́n ti fi fírídọ́ọ̀mù fún ọ̀pọ̀. Èyí tó kẹ́yìn ń tún fóònù ṣe, ó sì ń jẹun níbẹ̀, wọn ò bá a wí. "Ta ló fẹ́ lo ọdún márùn-ún lórí ìgò? Èmi náà, bó bá jẹ́ pé ọmọdé ni mí lónìí, fóònù ni n bá kọ́."

Kí wọ́n tó dí ẹ̀yìn rẹ̀ pa, wọ́n mú bébà tuntun, wọ́n da nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ sí i, wọ́n fi ọdún sí i, wọ́n sì wé bébà àtijọ́ náà mọ́ ọn. Mo ní, "Bàbá, ẹ kọ orúkọ yín sí i." Wọ́n mi orí. "Ẹni tó ń bọ̀ kò ní fi orúkọ mi wé wáyà. Iye yìí ló máa lò." Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, àbí?

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ọmọ mi ki gìtá rẹ̀ bọ̀ ọ́. A dúró díẹ̀ kí àwọn ìgò gbóná. Kò kùn. Nígbà tó ta okùn àkọ́kọ́, ìyá tó ń gbé lókè pètéésì wa yọjú lójú fèrèsé, wọ́n bi wá pé ta ló ń ṣe òde. Wọ́n ní ohùn jùjú àtijọ́ ni àwọn gbọ́. Orin ṣọ́ọ̀ṣì ni ọmọ náà ń ta o! Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí wọ́n ń wí.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí ẹ bá ní irú àpótí bẹ́ẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ má ṣe tàn án fúnra yín, ẹ má sì jù ú nù. Ẹ wá àgbàlagbà tó mọ̀ ọ́n kiri nígbà tí wọ́n ṣì wà. Bí wọ́n bá sì tún un ṣe tán, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n ṣe sínú rẹ̀, ì báà jẹ́ pẹ́ńsùlù lásán. Ó dìgbà kan ná.